Ìtàn Bí A Ti Ń Tẹ́ Ọmọ Ọwọ́ Sùn

Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé kí ni oorun ọmọ ọwọ́ ń wá nínú ìwé ìtàn, a ó dá a lóhùn pé ìtàn kì í ṣe ti ọba, ti ogun àti ti oyè nìkan. Bí ìyá ti ń tẹ́ ọmọ rẹ̀ sùn lí alẹ́ ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀mí tí ó sì ti bọ́ nínú ìtàn náà pọ̀ ju èyí tí ó bọ́ nínú ọ̀pọ̀ ogun tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó yẹ kí ó mú àwa tí a ń kọ́ni ronú jù ni pé, kì í ṣe ọ̀tá ni ó fa púpọ̀ nínú àdánù náà, bí kò ṣe ìmọ̀ràn tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi inú rere fún àwọn ìyá, tí ẹnikẹ́ni kò sì dán wò dáradára kí a tó tàn án ká ayé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà tẹ́ ọmọ tí kò tíì lè yí ara rẹ̀ padà. A lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kí ojú rẹ̀ máa wo òkè. A lè fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. A sì lè dá a dojú bolẹ̀, kí àyà àti ikùn rẹ̀ wà lí orí ẹní, bí ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ọ̀kan kò sàn ju èkejì lọ. Èyí tí ọmọ bá fi dákẹ́ ẹkún ni ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì pẹ́ gidigidi kí aráyé tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ba àwọn ará àtijọ́ lẹ́rù kì í ṣe ọ̀nà tí ọmọ gbà sùn, bí kò ṣe ẹni tí ó sùn tì í. Gbogbo ẹni tí ń ka Bíbélì ni ó mọ ìtàn àwọn obìnrin méjì tí wọ́n gbé ẹjọ́ wá síwájú Ọba Sólómọ́nì nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹta. A máa ń rántí idà ọba àti ọgbọ́n rẹ̀. Díẹ̀ nínú wa ni ó ń rántí pé ikú ọmọ ọwọ́ lí ojú oorun ni ó bí ẹjọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí pé èkejì sùn lé ọmọ rẹ̀ ni ó fi kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí pàápàá ń sùn nígbà tí ohun náà ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé. Láti ìgbà náà wá ni a ti ń dá ìyá lẹ́jọ́ lí ọ̀ràn tí kò sí ẹni tí ó fi ojú rí i.

Ní ìlú Florence, ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n ṣe ohun èlò kan láti dá irú ikú bẹ́ẹ̀ dúró. Arcuccio ni wọ́n ń pè é. Igi ni wọ́n fi ṣe é, ó tẹ̀ bí ìdajì àgbá, ọ̀pá irin sì dì í mú; abẹ́ rẹ̀ ni a ń tẹ́ ọmọ sí lí orí ibùsùn ìyá tàbí ti alágbàtọ́ tí ń fún un ní ọmú. Bí obìnrin náà bá yí lù ú lí ojú oorun, igi ni yóò gba ìwúwo rẹ̀. Wọ́n sì gé àyè sí ẹ̀gbẹ́ igi náà, kí ọmọ lè rí ọmú mu láì jẹ́ pé a gbé e jáde. Lí ọdún 1732, ìròyìn nípa rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì kọ ọ́ níbẹ̀ pé alágbàtọ́ tí ó bá kọ̀ láti lò ó ní Florence lè di ẹni tí a yọ kúrò nínú ìjọ. Ẹ kíyèsí i pé àwọn ará Florence kò wí pé kí ìyá àti ọmọ má ṣe sùn pọ̀. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní àyè tirẹ̀. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ìlú Dundee, ní Skọ́tíláǹdì, dókítà àwọn ọlọ́pàá tí ń jẹ́ Charles Templeman kọ̀wé lí ọdún 1892 nípa ọmọ ọwọ́ 258 tí a kà sí ẹni tí èémí há mọ́ nínú lí orí ibùsùn. Ó rí i pé òru Sátidé mọ́jú ọjọ́ Ìsinmi ni púpọ̀ nínú wọn kú. Ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọtí, àìmọ̀kan, àìbìkítà, àti ilé tóóró tí ènìyàn kún. Lí ọdún 1908, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹni tí ó mu ọtí bá sùn ti ọmọ kékeré lí orí ibùsùn kan tí èémí ọmọ náà sì há, tí ó fi kú. A kò wí pé Templeman ṣìnà pátápátá, nítorí títí di òní yìí ni ọtí àti ibùsùn tí ó há ń pa ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí ra àkéte kékeré fún ọmọ, tí ọmọ sì ń dá sùn, ikú náà kò dáwọ́ dúró. Ìyá a tẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ le lí alẹ́, a sì bá òkú rẹ̀ lí òwúrọ̀, láì sí ẹnikẹ́ni tí ó sùn lé e. Lí ọdún 1954, A. M. Barrett, dókítà kan ní Cambridge, fún ikú yìí ní orúkọ tí ó mọ́ ọn lára lí èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a lè pè ní ikú inú àkéte. Orúkọ wà, ìdí kò sí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, a ní orúkọ fún ikú ọmọ tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Àbíkú ni a pè é. A sọ ọmọ ní Málọmọ́, a sọ ọ́ ní Dúrójayé, a sọ ọ́ ní Kòsọ́kọ́. A so ṣaworo mọ́ ọn lí ẹsẹ̀, a bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. A kò wí pé gbogbo ọmọ wọ̀nyí ni ó kú lí ojú oorun, nítorí ibà, òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó gba ẹ̀mí púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí a ń wí ni pé, nígbà tí ìdí ikú bá pamọ́, ìwà àwọn ará Dundee àti ìwà tiwa kò jìnnà sí ara wọn: ojú ìyá ni a kọ́kọ́ ń wò. Lọ́hùn-ún wọ́n ní ọ̀mùtí ni. Níhìn-ín a ní ó rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí ó lóyún ni ẹ̀mí búburú fi tẹ̀lé e wá sí ilé.

Nísinsin yìí a dé ibi tí ìtàn náà ti burú jù. Láti nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn ìwé tí a kọ fún àwọn ìyá ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí wí pé kí a máa dá ọmọ dojú bolẹ̀ bí a bá tẹ́ ẹ sùn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ rìn jìnnà jù ni Dókítà Benjamin Spock ti Amẹ́ríkà. Ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ kọ́kọ́ jáde lí ọdún 1946. Kí ó tó kú lí ọdún 1998, a ti tà á tó mílíọ̀nù lọ́nà àádọ́ta, a sì ti yí i sí ọ̀pọ̀ èdè. Nínú àwọn ẹ̀dà tí ó jáde lẹ́yìn ọdún 1955, ó gba àwọn ìyá níyànjú láti dá ọmọ dojú bolẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọmọ tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ bá bì, èébì lè há a lí ọ̀fun; àti pé ẹ̀yìn orí ọmọ tí ń fẹ̀yìn sùn a máa di pẹlẹbẹ.

Ta ni kò ní gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó bọ́gbọ́n mu lí etí. Ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ kì í ta gìrì púpọ̀, kì í jí lemọ́lemọ́, ìyá a sì rí oorun sùn. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ti rí i pẹ̀lú pé èémí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa lọ geere sí i bí a bá dá a dojú bolẹ̀ ní ilé ìwòsàn, níbi tí a ti ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ohun tí ó yẹ ọmọ aláìlera lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì ni wọ́n wá gbé fún ọmọ tí ara rẹ̀ le, nínú yàrá tí iná ti kú, tí gbogbo ilé ti sùn.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó kìlọ̀. Lí ọdún 1944, Harold Abramson, dókítà kan ní New York, ti ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí èémí há mọ́ ní ìlú náà ni a bá ní ìdojúbolẹ̀. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sì gbàgbé. Lí ọdún 1970, ìwádìí tí ó ti wà nílẹ̀ tó láti fi hàn pé ewu ń bẹ nínú rẹ̀, bí ẹnìkan bá kó wọn jọ kà pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò kó wọn jọ. Fún nǹkan bí ogún ọdún sí i ni a ń bá ẹ̀kọ́ náà lọ.

Àwọn tí wọ́n já ìdí ọ̀ràn náà wá láti ọ̀nà jíjìn sí ara wọn. Ní Adelaide, ní ilẹ̀ Australia, Dókítà Susan Beal ń lọ sí ilé àwọn tí ọmọ wọn kú, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé, ó ń bá àwọn òbí jókòó, ó sì ń bèèrè bí a ti bá ọmọ náà. Ní Hong Kong, Dókítà D. P. Davies kọ̀wé lí ọdún 1985 pé ikú yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Ṣáínà tí ń gbé ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé wọn há; ó sì rántí pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi ọmọ wọn lélẹ̀ sùn. Ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, Dókítà Guus de Jonge rí i pé bí àṣà ìdojúbolẹ̀ ti wọ ilẹ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni iye òkú ń pọ̀ sí i. Lí ọdún 1987 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ìyá dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Fleming àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn lí ọdún 1990 pé ewu ikú yìí fún ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ. Ní New Zealand, Ed Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí jákèjádò ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ta, ó sì bá ti àwọn yòókù mu.

Síbẹ̀, ìwé àwọn dókítà kì í tètè dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ. Lí oṣù keje ọdún 1991, Sebastian, ọmọ Anne Diamond tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, kú lí ojú oorun. Obìnrin náà lọ sí New Zealand, ó rí ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá níbẹ̀, ó sì padà wá bèèrè ìdí tí a kò fi sọ fún àwọn ìyá ilẹ̀ tirẹ̀. Lí oṣù Kejìlá ọdún náà, ìjọba kéde káàkiri pé kí a máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ sùn. Ju ẹgbẹ̀rún ọmọ lọ ni ó ń kú bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ṣáájú. Láàárín ọdún díẹ̀, iye náà dín sí nǹkan bí ìdajì, ó sì ń dín sí i. Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà ọmọdé fi ohùn ṣọ̀kan lí ọdún 1992, ìkéde ńlá bẹ̀rẹ̀ lí ọdún 1994, iye òkú sì dín ju ìdajì lọ láàárín ọdún mẹ́wàá. A kò ra oògùn kan. A kò gé ẹnikẹ́ni lí abẹ. Ọmọ ni a yí padà lí orí ibùsùn rẹ̀.

Lí ọdún 2005, Ruth Gilbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣírò ohun tí ìjáfara náà ná aráyé. Wọ́n wí pé bí a bá ti kó ìwádìí jọ lí ọdún 1970, ju 10,000 ọmọ lọ ni ìbá yè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, àti ó kéré tán 50,000 ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Australia àti New Zealand. Iain Chalmers, dókítà tí ó ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ tí ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ, kò fi pamọ́ pé òun pàápàá ti ka ìwé Spock nígbà èwe òun nínú iṣẹ́ náà, tí òun sì fi ìmọ̀ràn rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Kò sí ìkà kankan nínú ọkàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ọkàn Spock. Èyí gan-an ni ó ń bani lẹ́rù.

Kí ni ó dé tí ìdojúbolẹ̀ fi ń ṣe ọmọ ní ibi? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ èébì, nítorí òun ni àwọn ìyá ń bẹ̀rù jù. Nínú ọ̀fun, ọ̀nà èémí ni ó wà níwájú, ọ̀nà oúnjẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ wà nísàlẹ̀. Wàrà tí ó bá gòkè wá yóò tún ṣàn padà sí ibi tí ó ti wá, nítorí omi kì í gun òkè. Ṣùgbọ́n bí ó bá dojú bolẹ̀, ọ̀nà èémí ni ó di ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ gan-an sì ni wàrà lè dárí sí. Èkejì, ọmọ tí imú rẹ̀ wọ inú tìmùtìmù a máa tún afẹ́fẹ́ tí ó ti mí síta mí sínú. Ẹ̀kẹta, ooru ara rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀kẹrin, oorun rẹ̀ a wúwo, kò sì ní tètè jí nígbà tí èémí bá dínkù. Oorun àsùnwọra tí ìyá ń dúpẹ́ fún ni ewu náà. Ọmọ oṣù méjì sí mẹ́rin, tí ikú yìí ń pa jù, gbọ́dọ̀ lè ta jí kí ó sì ké. Ní ti ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀, kò dúró lójú kan: ọmọ tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lè yí dojú bolẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìtàn New Zealand ní ẹ̀kọ́ mìíràn fún wa. Lẹ́yìn ìkéde, ikú náà dín, ṣùgbọ́n láàárín àwọn Máórì, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣì pọ̀ ju ti àwọn òyìnbó lọ. Àṣà wọn ni kí ọmọ sùn ti ìyá rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2006, Dókítà David Tipene-Leach àti àwọn ahunní wọn fi ewé harakeke hun apẹ̀rẹ̀ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n pè ní wahakura. Inú rẹ̀ ni ọmọ ń fẹ̀yìn sùn sí, lí orí ibùsùn kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọgbọ́n àwọn ará Florence ni ó tún padà wá: àṣà dúró, ọmọ sì yè.

Báwo ni ti àwa? Ìyá Yorùbá kì í jìnnà sí ọmọ rẹ̀ lí òru, èyí sì dára, nítorí ó rọrùn láti fún un ní ọmú, ọmú sì jẹ́ ààbò fún un. Bí ọmọ ti ń sùn ní yàrá ìyá rẹ̀, kí ó ní ẹní tàbí àkéte tirẹ̀ lí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ibùsùn náà le, kí ó sì tẹ́jú. Kí ìrọ̀rí, aṣọ ìbora nípọn àti tìmùtìmù rírọ̀ má ṣe sí níbẹ̀. Kí àwọ̀n ẹ̀fọn nà dáradára, kí ó má bàa wó lé ọmọ lójú. Lí àkókò ọyẹ́, kí a wọ̀ ọ́ ní aṣọ tí ó tó, ṣùgbọ́n kí a má ṣe bo ojú rẹ̀, kí ó má sì máa làágùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá nínú ilé tí ó wà. Kí ẹni tí ó mu ọtí, tàbí tí ó lo oògùn oorun, má ṣe sùn tì í. Kí a má sì gbé e sùn lí orí àga tìmùtìmù. Bí ó ti wù kí oorun náà kúrú tó, ọ̀sán tàbí òru, ẹ̀yìn ni kí a fi lélẹ̀, títí yóò fi pé ọmọ ọdún kan. Ọmọ tí ó bá ti lè yí síwá kí ó sì yí padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, kí a ṣáà máa fi ẹ̀yìn tẹ́ ẹ, kí a sì jẹ́ kí ó sùn bí ó ti yí.

Àwọn ìyá àgbà yóò wí pé, orí ọmọ ńkọ́? Ìbéèrè wọn tọ́. Orí lè di pẹlẹbẹ díẹ̀. Kì í pa ọmọ, ó sì ní àtúnṣe. Kí a máa yí orí ọmọ sí ọ̀tún lí òní, sí òsì lí ọ̀la. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá, tí ẹnìkan sì ń wò ó, kí a dá a dojú bolẹ̀ kí ó ṣeré, kí ọrùn àti apá rẹ̀ lè gbó. Ọ̀já tí a fi ń pọ̀n ọ́n sì ń ràn wá lọ́wọ́, nítorí ọmọ tí ó wà lí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kò fi orí lélẹ̀. Kí a ṣáà rí i pé imú àti ẹnu rẹ̀ wà ní gbangba.

Àríyànjiyàn lórí ọ̀ràn yìí kò ṣàì wà nínú ilé àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ìyá àgbà bá ti ilé dé láti wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà a dá ọmọ dojú bolẹ̀, agbẹ̀bí a ní kí a yí i padà, ìyá ọmọ a sì dúró láàárín àwọn méjèèjì. Kí a má ṣe fi ìyá àgbà ṣẹ̀sín. Ohun tí ó ń ṣe ni àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù àti New York fi kọ́ ayé títí di ọdún 1990, àwọn ni wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó yí padà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Kí a sọ ìdí rẹ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí a ti sọ ọ́ níhìn-ín, kí a fi ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ hàn án. Ẹni tí ó tọ́ ọmọ dàgbà yóò gbọ́.

Ní ti àwa olùkọ́ni, àti gbogbo ẹni tí àwọn ìyá ń fetí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ilé ìgbẹ̀bí àti nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, ìtàn yìí béèrè ohun méjì lọ́wọ́ wa. Èkíní ni pé kí a máa wádìí ìmọ̀ràn kí a tó fi fún ènìyàn, bí ó ti wù kí ó dùn lí etí tó, kí a sì tètè yí i padà bí ìwádìí bá fi hàn pé kò tọ́. Èkejì ni pé, bí ọmọ bá kú lí òru tí a kò sì mọ ohun tí ó pa á, kí a má ṣe di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyá rẹ̀. Kí a lọ bá a jókòó, gẹ́gẹ́ bí Susan Beal ti bá àwọn òbí jókòó ní Adelaide, kí a sì gbọ́ ohun tí ó ní láti sọ.